Ìborùn Olùkọ́ Wa

Ìborùn aláwọ̀ ewé kan wà tí olùkọ́ wa obìnrin kì í gbàgbé sílé. Òun ló kọ́ wa ní yunifásítì kan l'Ábújá bí a ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn afọ́jú pẹ̀lú á lè lò. Bí o bá gbé iṣẹ́ rẹ wá, á fi ìborùn náà bo ojú kọ̀ǹpútà rẹ, á ní, "Ó yá, lò ó bẹ́ẹ̀." Bí o ò bá rí i lò, á béèrè pé, "Ta lo wá tilẹ̀kùn mọ́ báyìí?"

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde, mo ṣe ètò kan sórí fóònù, tí èèyàn lè fi gba nọ́ńbà láti rí dókítà. Ó rẹwà lójú, mo sì ń yangàn. Olùkọ́ wa pe bàbá afọ́jú kan wá láti àdúgbò Kabusa, ó fún un ní fóònù náà. Ó yẹ kí fóònù máa sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Bọ́tìnì. Bọ́tìnì. Bọ́tìnì."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má bínú, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

Ojú tì mí gan-an. Mo ní, "Rárá o, sà. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, títí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan fi ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí bàbá padà wá, ó gba nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n gba ti ìyàwó mi mọ́ ọn."

Olùkọ́ wa jókòó tì í, ó dúró dè é títí ó fi gbà á tán.