Ajá Tó Gba Ààwẹ̀ Tipátipá

Bàbá ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Ọdẹ ni wọ́n, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn l'Ọ̀yọ́, ajá wọn ló kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́. Ìyàwó tuntun ò tíì mọ ẹni tó lè finú hàn. Ajá ò bi mí ní ìbéèrè kankan ní tiẹ̀, á kàn sìn mí dé Ọjà Akẹ̀sán níbi tí mo ti ń ránṣọ, á sì yí padà sílé.

Lọ́dún kẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ń tiro. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ajá tí ò lè sáré, kí lọdẹ fẹ́ fi ṣe? Bí ọdún Ìtúnnu bá kọjá tí kò yá, màá fà á fún àwọn tó ń ra ajá." Inú bí mi gan-an. Àwọn tó ń ra ajá nígbà náà, ṣé ẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣọ́lé ni?

Mo ní asipirín lọ́wọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ sórí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dunni. Mo bá ń lọ hóró kan láràárọ̀, mo ń fi ẹran bò ó fún ajá kí n tó lọ sọ́jà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹrin, ajá ti ń lé ewúrẹ́ ká agboolé. Èmi náà wá ń yan bí ẹni tó kàwé dókítà.

Ohun tí mi ò rò ni pé oṣù ààwẹ̀ la wà, ààwẹ̀ ọ̀hún sì bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Nílé wa, oúnjẹ tá a bá jẹ kù lajá ń jẹ, omi tá a bá fi ṣan àwo ló ń mu. Ta ló ń fọ àwo lọ́sàn-án ààwẹ̀? Àwa la ṣe àníyàn ààwẹ̀, àwa la ń retí láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ajá ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń bì. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, ìtọ̀ rẹ̀ ò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, bá a bá sì ṣínu, yóò kàn máa wo ẹran ni. Bàbá gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó, múra. Ó di Ògbómọ̀ṣọ́." Dókítà ẹran kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú màlúù àwọn Fúlàní. Nínú bọ̀lẹ̀kájà, ọkùnrin kan ní, "Bàbá, ṣé ajá náà ń lọ rí dókítà ni?" Bàbá ní, "Ká ní ìwọ ni mò ń gbé lọ, ṣé wàá lè dákẹ́ bíi tiẹ̀?" A sọ̀ ní Takie nínú Ògbómọ̀ṣọ́, a sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Dókítà tẹ ẹ̀yìn ajá, ajá ké. Ó ní, "Kíndìnrín rẹ̀ ni. Kí lẹ fún un jẹ?"

Bí mo bá sọ ọ́, mo tú àṣírí ara mi lójú bàbá ọkọ mi. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ajá á kú. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá, èmi ni. Asipirín ni mò ń fún un, hóró kan láràárọ̀."

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn títí. Wọ́n ní, "Hóró kan. Méjì lèmi ń fún un lọ́sàn-án."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa dókítà, àmọ́ ìgbà tó bèèrè pé, "Omi ńkọ́?" tá a sì sọ pé kì í rí omi mu lọ́sàn-án ààwẹ̀, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ara ajá kì í gba asipirín bíi tèèyàn. Ó máa ń ni kíndìnrín lára, bí omi ò bá sì sí lára ajá, kíndìnrín ló ń fara gbá a. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé ó yá, ìrora rẹ̀ lẹ kàn bò mọ́lẹ̀." Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi sí ajá lábẹ́ awọ. Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀, a sì gbé e padà sílé láàyè, ó rù, ó ṣì ń tiro. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó ń ra ajá mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nínú ààwẹ̀ yẹn gan-an, àlùfáà wa wàásù nípa ẹni tí Ọlọ́run forí jì torí pé ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi mu. Gbogbo wa ṣe àmín. Bàbá tiẹ̀ sunkún. Ìkòkò ajá wa sì wà lẹ́yìn ilé, ó gbẹ táútáú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, mo bá Bàbá lẹ́yìn ilé. Ètè wọn ti bó. Wọ́n bu omi tútù nínú àmù, wọ́n dà á síwájú ajá, wọ́n sì dúró tì í títí tó fi mu ún tán. Wọ́n tún lọ bu òmíràn.