Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ tí A Kò Gbà ní Ìperindó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti àbúrò mi, Mùkáílà, jáde nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, lọ́jọ́ Sátidé náà. A ti kírun àsùbáà. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà, ó ń wo kẹ̀kẹ́ tí Mùkáílà ń tì jáde bí ẹni ń sin ọmọ lọ ilé ọkọ.

Ìperindó là ń lọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ sá eré kẹ̀kẹ́ inú oko. Eré yìí yàtọ̀ sí ti ojú títì. Ọ̀nà oko ni wọ́n ń gbà, nínú ẹrẹ̀ àti odò. Níbi tí kẹ̀kẹ́ kò bá ti lè yí mọ́, wọn a gbé e kọ́ èjìká, wọn a sì máa sáré lọ. Ẹni méjì tó bá kọ́kọ́ dé ni wọn yóò mú kún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kò lè wọ ẹgbẹ́ náà mọ́, Mùkáílà yóò sì pé e kí ọdún náà tó parí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní Alékúwodò, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má gun kẹ̀kẹ́. Gbogbo wa nílé mọ̀ pé kò sí ìgbà mìíràn fún un.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun ló fi sí i, ríìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, táyà tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Ó fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta. Ládùúgbò wa, bí táyà rẹ bá rọ̀ díẹ̀ báyìí, wọn á bi ọ́ bóyá ebi ń pa kẹ̀kẹ́ rẹ.

Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà, ọkọ̀ kò pọ̀ ní gáréèjì. Awakọ̀ tí a rí wo kẹ̀kẹ́, ó wo Mùkáílà.

"Ọ̀gá, kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé ẹ lo tún fẹ́ kí n bá ẹ gbé?"

"Mi ò fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ ni."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kẹ̀kẹ́ náà á san owó èèyàn kan. A san án. Wọ́n fi rọ́bà túúbù so ó mọ́ orí ọkọ̀, a sì gba ọ̀nà Ìbòkun. Títì ti bàjẹ́ níbi púpọ̀, kòtò ń ju kẹ̀kẹ́ sókè sódò lórí wa. Nígbàkúùgbà tó bá dún, Mùkáílà á gbójú sókè. Ní Iléṣà, a jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ kó kòkó, a jókòó sórí àpò òfìfo dé Ìperindó.

Bàbá Dáre, ẹni tí àwọn tó ṣètò eré ní kí a dé sọ́dọ̀ rẹ̀, ló gbà wá lálejò. Àgbẹ̀ ni, a sì máa wa góòlù lẹ́yìn oko rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Iyán ni ìyàwó rẹ̀ gbé ka iwájú wa láàárọ̀ náà. Ní tiwa, ọ̀sán tàbí alẹ́ la máa ń gún iyán. "Uṣu tuntun ni," ni màmá wí. Báyìí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe iṣu; ilé, wọn a pè é ní ulé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mú wa rin ọ̀nà eré náà. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ pupa sì mu bàtà mi dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn odò, àwọn awagóòlù ti gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣà dànù bo ọ̀nà, etí wọn mú bí ìgò tó fọ́. Bàbá tẹ táyà Mùkáílà wò, kò tẹ̀.

"Títì lèyí dára fún," ló wí. "Táyà kẹ̀kẹ́ tèmi fẹ̀, mo sì ti jẹ́ kó rọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Tú ẹsẹ̀ méjèèjì, kó o fi sí tìẹ."

Mùkáílà tẹríba. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kó wà. Kí lẹ ó wá gùn lọ sóko?"

"Ó dáa," ni bàbá wí.

Ní ilé wa, bí wọ́n bá fi nǹkan dáradára lọ̀ ọ́, o kì í sáré gbà á. Wọ́n pè ọ́ síbi oúnjẹ, o ní á gba ibi ire. Wọ́n tún pè ọ́, o ní o ti yó. Ìgbà tí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta lo máa tó fọwọ́. Mo rí i pé bàbá yìí kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Mùkáílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó gbà. Ó tún tẹríba.

"Kò sí wàhálà rárá, bàbá."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun rò pé mo ní kí òun túbọ̀ ṣe ọmọlúàbí ni. A dúró díẹ̀. Bàbá kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí odò ti jìn ló kàn. Mùkáílà tú atẹ́gùn díẹ̀ jáde nínú táyà, ṣùgbọ́n táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò láyè tó bẹ́ẹ̀. Bó bá rọ̀ jù, ríìmù ni yóò máa kọlu òkúta.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò yí oko náà po. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, mo dúró sórí òkè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí eré yóò parí sí. Mo ń rí odò àti ibi ìwagóòlù nísàlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Mùkáílà ló ṣíwájú. Nígbà kejì, ẹrẹ̀ kún àárín táyà àti fọ́ọ̀kì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ó ń dúró fi ìka ha á. Ṣéènì ẹnì kan já, pẹ́dà ẹlòmíràn yọ lulẹ̀. Nígbà kẹta, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀. Bó ti wọ orí òkúta wẹ́wẹ́ náà, mo gbọ́ ìró kan bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná gbígbẹ. Sípóòkù ẹsẹ̀ iwájú ló ń já, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ríìmù wọ́, ó há sínú fọ́ọ̀kì.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó ń sáré gun òkè bọ̀. Ibi tó kù kò ju láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ìdí kànga lọ nígbà tí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ oko gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ti oko bọ̀ wálé. Mùkáílà ṣe ipò kẹta.

Mo lọ fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé bàbá. Níbẹ̀ ni mo ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dojú dé lórí àpò, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ méjèèjì ti dẹ̀, sípánà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ń jẹun ló ti ń ṣe é," ni màmá wí fún mi, ó sì bu omi sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá àti Mùkáílà jókòó níwájú ilé. Ẹrẹ̀ ti ń gbẹ lára Mùkáílà.

"Mo kúkú ní kó o tú tèmi," ni bàbá wí.

"Ẹ kò tún wí i lẹ́ẹ̀kejì, bàbá."

Bàbá yíjú sí i. "Ṣé o ò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?"

Mùkáílà dìde lọ tú ríìmù tó wọ́ náà kúrò lára kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a ń lọ, bàbá di iṣu fún wa, ó sì bá wa gbé kẹ̀kẹ́ dé ibi ọkọ̀. Kò bínú sí wa. Bó bá bínú ni, ìbá sàn fún mi.

Láti Iléṣà dé Òṣogbo, Mùkáílà di ríìmù tó wọ́ náà mú lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ka ojú ihò sípóòkù. Mo rò ó lọ́nà pé ìwà tí wọ́n fi tọ́ wa dára, ṣùgbọ́n àwa nìkan la mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Ẹni tó ti dẹ nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ.

A dé Òkè-Baálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá wa wo ríìmù náà.

"Ṣé kí n bu oúnjẹ wá?"

"Ẹ bù ú wá, màámi," ni Mùkáílà wí.

Ìyá wa ti la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa á dé, ó sì wọlé lọ bu oúnjẹ.