Obìnrin Tó Ń Ka Ìlà Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Atlanta, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mo rí ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìdánwò ìwé-àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan, mo sì fìdí rẹmi. Tí mo bá ti já ọmọ mi sílẹ̀ níléèwé, màá wa mọ́tò lọ sí Decatur, sí ilé ìyá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ ni kò bọ̀. Á dé ẹnu rẹ̀ tán, á sá padà. Ó lè ní òun fẹ́ bàtà, kó jẹ́ pé omi ló ń wá.

Màmá ni mò ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pe àgbàlagbà lórúkọ. Ẹnu tèmi kò gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gbá yàrá rẹ̀, mo fa bébà gígùn kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ká bí ẹní. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Rárá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde ketekete. Ó ní kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìlà tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó nawọ́ sókè, ó wá ọ̀rọ̀ títí.

"Ẹyẹ," ó wí. Ó mi orí. "Iná. Ẹyẹ iná."

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Ó pàtẹ́wọ́.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó sọ ìtàn náà tán fún mi. Kí ẹnikẹ́ni tó dé inú òṣùpá, rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ ń yìn sókè létí òkun. Wọn kì í gbé ènìyàn. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé, kí wọ́n lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí níbi tí bàlúù kò lè dé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń lò lókè, wọ́n á já sínú òkun, ó di gbére. Ṣùgbọ́n rédíò inú wọn á ti fi gbogbo ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sílẹ̀, gègé á sì fà á ní ìlà sórí bébà. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó ń fi rúlà wọn ìlà wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Bébà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ẹ̀dà ti rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gòkè dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mú ìròyìn kankan wá. Bó ṣe ń gòkè, ó yẹ kí ìlà afẹ́fẹ́ máa já wálẹ̀, torí afẹ́fẹ́ a máa dín kù lókè. Ìlà yìí kàn lọ gbọọrọ ni. Gbogbo wọn ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ló kú, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ọkùnrin tó ṣe é. Màmá fi rúlà lé e, ó rí i pé ìlà náà ń rẹlẹ̀, bíńtín bíńtín. Ẹ̀rọ tó ti kú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ṣàlàyé fún mi, ó mú mi lọ sí ìdí ààrò, ó gbé ìdérí lé ìkòkò. Ìdérí kan ló bo ẹ̀rọ náà, tó yẹ kó ṣí dànù lókè. Kò ṣí. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀, tó ń jò díẹ̀díẹ̀, ni ẹ̀rọ ń wọ̀n.

Nígbà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn ní gègé tó ń fa ìlà ló gbọ̀n, kó lọ tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn, ọkùnrin tí wọ́n di ẹ̀bi rù gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé irú ìdérí yẹn sínú òtútù líle bíi ti òkè, ìkọ́ tó yẹ kó tú u sílẹ̀ sì há. Wọ́n pààrọ̀ ìkọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e mú gbogbo ìròyìn wá. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kò sí orúkọ Màmá.

"Ṣé kò dùn yín, Màmá?"

"Ó dùn mí." Ó sinmi. "Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

Mo ti sọ fún un rí bí mo ṣe fìdí rẹmi. Ó wá nàka sí mi. "Ìwọ? Ìdánwò?"

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo forúkọ sílẹ̀ padà. Tó bá ń sun oorun ọ̀sán, èmi á máa kàwé ní kíṣìnì rẹ̀. Mo ṣe é, mo yege.

Láàárín àkókò kan náà, ilé ìkàwé yunifásítì kan kọ̀wé sí i pé àwọn fẹ́ gba ohùn àwọn tó ṣe iṣẹ́ ìgbà yẹn sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń ti Suwanee wá ní Sátidé, kò fẹ́.

"Mi ò fẹ́ kí ojú tì í," ó sọ fún mi. "Èmi á bá a kọ ọ́ ránṣẹ́."

Màmá gbọ́. Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Ẹnu mi."

Àràárọ̀ la fi ń dánra wò. "Ìdérí" ló le jù; fìlà ló máa ń pè é. Mo ń pàtẹ́wọ́ sí i fún un, dé, rí, dé, rí. Ó ń sọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀, ó ń sọ ọ́ tó bá ń tẹ̀lé mi lójú títì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi, Màmá àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó lọ dáadáa títí ó fi dé ibi ìdérí. Ọ̀rọ̀ sá. Ọmọ rẹ̀ la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Màmá na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ó pa ojú dé.

"Fìlà," ó wí. Ó mi orí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo kọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ì... ìdérí. Ìdérí náà kò ṣí. Èmi ni mo rí i."

Ó sọ ìyókù láì kánjú. Nígbà tó parí, ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ lódindi, tiẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kò kọsẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn mọ́tò ni ọmọ rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀ bí a ṣe ń padà lọ sílé. Kò lọ sí Suwanee lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ti àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù.