Gìtá Báàsì Tí Ignace Fi Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Mùkáílà

Mùkáílà ọmọ Ìgbòho ni, bíi tèmi. Ní ọdún 1999, ó gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ní Treichville, ní ìlú Abidjan. Èmi ń ta ìṣó àti àgádágodo. Mo fi aṣọ kan pín ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ náà ni èmi àti Mùkáílà ti ń jẹun, ibẹ̀ la ti ń kírun. Aṣọ náà ò kanlẹ̀. Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Gìtá oníná ni Mùkáílà ń tà. Àlòkù ni wọ́n, ọkọ̀ òkun ló ń kó wọn wá. Àwọn ará ibí ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní France au revoir, ìyẹn ni "Faransé, ó dàbọ̀." Èyí tó ń tà jù nínú wọn ni báàsì, gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn, tó máa ń dún nísàlẹ̀ orin. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rà á, àti àwọn tó ń ṣeré ní ilé ọtí. Owó wọn ò tó tuntun.

Mùkáílà ò mọ orin kankan nígbà náà. Ó ga, kì í pariwo. Lẹ́kẹ́ ló máa ń wọ̀, bàtà rọ́bà tí àwọn ọmọ Abidjan fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Mi ò rí ẹlòmíràn tó wọ àwọ̀ ewé ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa.

Ignace ló là á lójú. Kétu ni wọ́n ti bí bàbá Ignace, Treichville ni wọ́n ti bí òun. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Báàsì ló fi ń jẹun. Ó wá ra okùn gìtá lọ́jọ́ kan, ó bá Mùkáílà tó ń nu ọjà rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ Àńàgó yìí, báwo lo ṣe ń mọ èyí tó dáa nínú wọn?" Àńàgó ni wọ́n ń pe àwa oníṣòwò Yorùbá níbí, wọ́n ní kò sí ohun tí a ò lè tà.

"Èyí tó bá ń dán."

Ignace rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Háà! O ń ta gìtá bí ẹni ń ta ìkòkò."

"Ìkòkò sàn. A máa ń fi ìka kàn án ká tó rà á. Èyí, kò síná ní ìlà wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ignace mú báàsì kan. Gìtá náà ní ìwo méjì lókè, bíi ti àgbò. Ó gbé àgbọ̀n lé ìwo kan, ó ta okùn.

"Gbé àgbọ̀n rẹ síbí. Eegun ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí."

Mùkáílà gbé àgbọ̀n lé e. Mo rí ojú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ilé kejì.

Láti ọjọ́ náà, kò ta gìtá kankan láìfi àgbọ̀n gbọ́ ọ. Tí ọrùn rẹ̀ bá ti tẹ̀, á mọ̀. Tí igi rẹ̀ bá ti sán, á mọ̀, á sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Yopougon, láti Abobo. Wọ́n ń pè é ní Tonton Menton, ìyẹn ni Bàbá Alágbọ̀n. Ignace ń wá lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta okùn. Tí àkókò ìrun bá tó, Mùkáílà á dìde, Ignace á máa ta okùn báàsì jẹ́jẹ́ títí á fi padà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ ìjà láàrin wọn rí.

Báàsì tí Ignace ń lò, dúdú ni. Kò lórúkọ ńlá, kò sì wọ́n nígbà tó rà á. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ ti jẹ ọ̀dà ìwo òkè rẹ̀ tó ìwọ̀n orí àtàǹpàkò. Igi hàn níbẹ̀, ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án 2002, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ignace gbé báàsì náà wá. Ọrùn gìtá náà ti tẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun ń lọ wo ìyá òun ní Bouaké, pé kí Mùkáílà bá òun tún un ṣe.

"Ọjọ́ Àìkú ni mo ń bọ̀. Má tà á o."

"Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Ta ló mọ̀? Àńàgó ni ẹ́."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ní Ọjọ́bọ̀, ìbọn dún. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire pín sí méjì, Bouaké sì wà ní apá kejì. Ignace ò dé ní ọjọ́ Àìkú. Kò dé lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀.

Mùkáílà tún ọrùn báàsì náà ṣe. Kò gbé e lọ sílé, torí Boribana ló ń gbé, etí ọ̀sà, ọ̀rinrin ibẹ̀ á ba igi jẹ́. Ó gbé e kọ́ ìṣó tó ga jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi ló ti ra ìṣó náà. Oṣooṣù ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á nù ún, á fi àgbọ̀n gbọ́ ọ, á tún gbé e kọ́.

Ó sọ fún mi pé, "Àmáánà ni, Bàbá Ràyhánà. Ọwọ́ Ignace ni mo ti gbà á, ọwọ́ Ignace ni màá fi í lé."

Ní oṣù Karùn-ún 2004, ọjọ́ Ajé kan, Mùkáílà lọ sí èbúté lọ wo ọjà. Mọ́síùrá ìyàwó rẹ̀ ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì ta nǹkan kan nígbà tí obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú takisí. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Faransé ló ń sọ. Ó nàka sí báàsì dúdú, ó béèrè iye rẹ̀.

Nínú òwò tiwa, a kì í sọ "kì í ṣe títà" fún ẹni àkọ́kọ́ òwúrọ̀. Àkọ́tà ni. Ẹni tó bá lé àkọ́tà padà, ó ti lé ọjà ọjọ́ náà padà. Tí o ò bá fẹ́ tà, iye tí kò ṣeé san lo máa pè, kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Mọ́síùrá ní, "Deux cent mille," igba ẹgbẹ̀rún.

Báàsì tó dáa ò ju ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún lọ ní ọjà wa nígbà náà. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Obìnrin náà ò ná an. Ó ṣí báàgì, ó ka igba ẹgbẹ̀rún pé, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ní, "C'est pour l'église," pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń rà á fún.

Mọ́síùrá wò mí. Mo wo ìṣó mi. Iye tí o bá fẹnu ara rẹ pè, tí wọ́n sì san, ọjà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ó gun àga, ó sọ báàsì kalẹ̀. Takisí lọ.

Nígbà tí Mùkáílà dé, ìṣó ló kọ́kọ́ wò.

"Níbo ló wà?"

Mọ́síùrá kúnlẹ̀. "Àkọ́tà ni, Bàbá Àdìzátù. Mo pe iye tí ẹnikẹ́ni ò lè san."

"Wọ́n sì san án."

"Wọ́n san án."

Ó jókòó. Kò pariwo, kò bú u. Ó di owó náà sínú áńkáṣíìfù funfun, ó fi í sínú àpótí okùn gìtá. Wọn ò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Aṣọ búlúù àti ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí a mọ̀ nípa obìnrin náà kò ju ìyẹn lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Abidjan ò níye. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá ti ráyè, Mùkáílà á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á lọ dúró létí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kan, á máa tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ orin. Tó bá di ọjọ́ Ajé, á sọ fún mi pé, "Kì í ṣe òun." Mo ń fi ìṣó kéékèèké ka àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà sínú agolo kan. Ní ìparí 2006, ìṣó mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú agolo.

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbọ́. Kassim tó ń pe ìrun dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.

"Mùkáílà, ṣé wọ́n ti rì ọ́ bọmi?"

"Wọn ò tíì rì mí."

"Kí lò ń wá lọ́dọ̀ wọn?"

"Ẹrù ẹnì kan."

"Ẹrù kí ló wúwo tó báyìí? O ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ju pásítọ̀ lọ!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mùkáílà bọ́ lẹ́kẹ́ rẹ̀, ó wọlé lọ kírun.

Ní 2007, wọ́n ṣàdéhùn àlàáfíà, ọ̀nà Bouaké sì rọrùn díẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀dọ̀ mi ni Mùkáílà jókòó sí nígbà tí mo rí Ignace tó ń bọ̀ lókèèrè. Ó ti rù. Irun rẹ̀ ti funfun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

Mùkáílà dìde. "Bàbá Ràyhánà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní mi ò sí." Ó ti wọ ẹ̀yìn aṣọ.

Ignace kí mi. "Mùkáílà ńkọ́?"

"Ó lọ sí Ìgbòho."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Ẹ bá mi kí i."

Kò béèrè gìtá. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún Mùkáílà pé kó sáré bá a, kó sọ bó ṣe rí.

"Kí n ní kí ni? Pé mo ta àmáánà? Ọjọ́ tí báàsì bá wọ ọwọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá lọ bá a."

Ignace tún wá ní oṣù Kẹsàn-án. Mùkáílà tún sá wọ ẹ̀yìn aṣọ, mo ní kò tíì dé. Ó wá ní oṣù Kẹwàá, mo ní kò tíì dé. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó dúró díẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo wà. Mélissa lorúkọ rẹ̀. Ó ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ kan ní Zone 4, èyí tó kọjú sí ilé epo."

"Màá sọ."

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò kúrò nínú àpò. Kò tún wá mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kejì 2008, Mùkáílà dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré onípáànù kan ní Bingerville. Ó ní òun ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òun ti mọ̀. Ó dúró títí wọ́n fi parí. Ọkùnrin tó ń ta okùn báàsì náà ń jẹ́ Gilbert. Justine ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn akọrin, ló rà á. Mùkáílà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dì í mú. Ó gbé àgbọ̀n lé ibi tí ọ̀dà ti jẹ. Gilbert ní ẹkún Mùkáílà ló mú gìtá náà gbọ̀n, kì í ṣe okùn.

Justine ní, "Iye tí wọ́n pè ni mo san."

"Ẹ san án. Ẹ ò jẹ̀bi."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ pé kì í ṣe títà?"

Mùkáílà ṣàlàyé àkọ́tà fún un. Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gba áńkáṣíìfù funfun náà bí wọ́n ṣe dì í, ó sì gba báàsì tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà dípò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Mùkáílà jọ lọ sí Zone 4. Ó fi aṣọ we báàsì náà bí ọmọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun máa sọ fún Ignace ni pé, "Mo tà á, mo sì tún un rà. Àńàgó ni mí." Ó ní Ignace á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ la ti bá Mélissa. Ó nu ọwọ́, ó wo ẹrù tí Mùkáílà gbé, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Tonton Menton."

"Èmi ni. Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Papa ti kú. Onze janvier. Àyà ló ń dùn ún."

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní. Ó ti pé oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́jọ. Mùkáílà na báàsì náà sí i. "Tirẹ̀ nìyí. Mo... Gbà á. Tirẹ̀ ni."

Mélissa ò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Kì í ṣe gìtá ló wá béèrè lọ́wọ́ yín. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ní Bouaké, bẹ́líìtì mú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka mẹ́ta lọ." Ó fi ìka tirẹ̀ hàn wá. "Ó kàn fẹ́ rí yín ni. Lẹ́ẹ̀kẹta tó wá, ó dé ilé, kò jẹun. Ó ní òun rí lẹ́kẹ́ yín lábẹ́ aṣọ."

Mùkáílà wo lẹ́kẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ní, 'Mùkáílà ti gbọ́ nípa ọwọ́ mi. Kò fẹ́ rí i.'"

Ó gba báàsì náà nígbà tó yá. Ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Èmi àti Mùkáílà fẹsẹ̀ rìn padà sí Treichville. Èmi ni mo dúró níwájú aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ṣì ta gìtá títí di 2011, kí òun àti Mọ́síùrá tó padà sí Ìgbòho. Ṣùgbọ́n kò fi àgbọ̀n gbọ́ ọ mọ́. Tí wọ́n bá ní, "Tonton Menton, ẹ bá wa gbọ́ ọ," á ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí iná wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 2009, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni. Ọkùnrin kan wá, ó nàka sí báàsì tí Mùkáílà fúnra rẹ̀ fi ń ṣeré. Òun ni àkọ́tà. Mùkáílà wò ó.

Ó ní, "Kì í ṣe títà."

Ọkùnrin náà ní ó dáa, ó lọ. Mùkáílà ò ta nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá jókòó lọ́dọ̀ mi.

"Bàbá Ràyhánà, ṣé ẹ rí i? 'Kì í ṣe títà.' Kò gùn láti sọ."