Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófo

Òórùn bébà kábọ́ọ̀nù àti òróró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ hedimásítà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ẹ̀fọ̀n. Ìwọ náà tí o jẹ́ ọmọ ìlú wa mọ bí ìkùukùu ṣe máa ń bo òkè wa láàárọ̀. Àkúrẹ́ ni olú ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ sì ń wá akọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń gba owó oṣù. Èmi ṣì wà nílé, ó sì ti sú mi. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi.

Hedimásítà yìí, tó máa ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ìwáṣẹ́, gba ìwé tí mo fọwọ́ kọ nípa ara mi, ó fi bírò pupa pa ìdajì rẹ́. Mo ti to ìran wa sílẹ̀ láti orí baba ńlá wa, bí a ṣe ń ṣe bí àgbà bá bi wá pé ọmọ ta ni wá.

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ mọ̀," ó ní. "Ṣe é ní ṣókí. Iṣẹ́ tí o ṣe gbẹ̀yìn ni kó ṣáájú. Má sì fi ọdún kankan sílẹ̀ lófo."

Ó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lọ, títí ó fi dúró. "Ọdún mẹ́ta yìí ńkọ́? Níbo lo wà?"

"Ulé ni mo wà, sà." Bí a ṣe ń pe ilé ní ìlú wa nìyẹn.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Irọ́ ni. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi ni mo tọ́jú bàbá mi nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ṣẹ́. Mo ń gbé e, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ, títí ó fi kú. Hedimásítà mọ̀, ó wá síbi ìsìnkú. Ó rọra ní, "Jẹ́ kí n kọ ọ́ pé o tọ́jú aláìsàn. Iṣẹ́ ni." Mo kọ̀. Nílé tiwa, a kì í ròyìn ohun tí a ṣe fún òbí wa, kó má dà bí ẹni ń ṣírò oore fún òkú. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fo àyè náà.

Ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ gan-an ni obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fi ìka sí. Ohun kan náà ni mo tún sọ, mo ń wo ilẹ̀. Wọn ò gbà mí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ mìíràn títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sì sí èyí tó rẹ̀ mí tó ti ọdún mẹ́ta yẹn. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí léèrè ẹni tí mo lo ìgbà èwe mi fún, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì dáhùn bí ẹni pé bàbá mi kò já mọ́ nǹkan kan.