Ìkúnlẹ̀ Mi Níwájú Ìyáàfin Lin

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ pé ní ilé oògùn kan ní ìlú Largo lókè òkun, nígbà tí mo fi ẹnu ara mi dá wàhálà sílẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé ká to oògùn ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àwo, ká tó kó o ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyáàfin Lin, ará Ṣáínà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ló ń kọ́ mi. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé pé mo lè dá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó fi oògùn tó lágbára jù sínú àwo. Mo rí i. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n sọ jẹ́jẹ́. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni mo ti ní, "Ìyáàfin Lin, oògùn mìíì lẹ gbé o. Ẹ lọ wọ awò ojú yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó yọ oògùn náà kúrò. Láti ìgbà náà, kò kọ́ mi ní nǹkan kan mọ́. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, á ní, "Kò burú, kò burú," á sì kọjá lọ. Mo lọ ro ẹjọ́ náà fún ọkọ mi nílé.

Ọkọ mi, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ní, "In public lo ti ṣẹ̀ ẹ́, in public náà ni kó o ti beg ẹ̀. Kúnlẹ̀ fún un." Ìmọ̀ràn ilé ni, mo sì gbà á. Nígbà tí gbogbo wa ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ oògùn yẹn."

Ojú Ìyáàfin Lin pọ́n. "Dìde, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Ó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Ẹni tí kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ náà wá ń béèrè pé oògùn wo.

Wei, ọmọbìnrin Ṣáínà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sìn mí dé ìdí ọkọ̀ mi nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Àṣìṣe rẹ̀ lẹ tún gbé síwájú gbogbo èèyàn, ẹ sì fipá mú un kó dárí jì yín lójú wọn. Ẹ má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó rẹ́rìn-ín rí i pé ẹ kà á sí."

Ní tiwa, ẹni tí a bá kúnlẹ̀ fún la gbé ga. Ìtìjú bò mí nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá wa yin iṣẹ́ mi lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ìyáàfin Lin ló kọ́ mi pé kí n máa ka orúkọ oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Òótọ́ sì ni. Ìyáàfin Lin kò wojú mi. Ó kàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì mi díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni mo lẹ orúkọ ẹnì kan mọ́ àwo ẹlòmíì. Yàrá kún. Ìyáàfin Lin fa àwo náà sọ́dọ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ó rọra ní, "Jẹ́ ká jọ tún èyí wò." Ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi. Mo tún un ṣe.

Ọjọ́ Ajé ló fọwọ́ sí ìwé mi. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn mìíràn báyìí. Títí di òní, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ nínú yàrá yẹn pé mo ṣe àṣìṣe kankan lọ́jọ́ Ẹtì náà.