Oyún tí kò sí níkùn Priscilla

Láti kékeré ni Priscilla ti ń bì. Bó bá ti jẹun yó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, á sì pọ omi aláwọ̀ ewé tó korò jáde. Ní Iyah-Gbede tí wọ́n bí i sí, ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń pè é.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kabba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bì sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn ní àsẹ́ńbìlì. Hezekiah, ọ̀gá àgbà, ní kó jáde síwájú.

"Ta ló fún ẹ lóyún?"

"Sà, mi ò mọ ọkùnrin rí."

"Ìwọ ni Màríà Wúńdíá nìyẹn!"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọn ò rí ọmọ, ṣé ẹnì kan wá bẹ̀ ẹ́? Rárá o, wọ́n ní ó ti ṣẹ́ oyún náà ni!

Ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Lọ́dún tó kọjá ni inú rẹ̀ wú, tó le gbagidi. Ọlọ́runlékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà Adétáyọ̀, obìnrin tó la inú rẹ̀, wá jókòó tì í.

"Àbúrò mi, bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn. Ìfun kéékèèké tìẹ kò yí dé ààyè rẹ̀ nígbà tó o wà nínú ìyá rẹ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá fún un pa, ìfun náà sì lọ́ pọ̀. Mo ti tú u, mo sì ti gé awọ náà."

"Ṣé òun ló ń mú mi bì látọjọ́ yìí?"

"Òun ni. Ẹni tó bá béèrè irú èébì tó ò ń bì ì bá ti fura pé ìfun ló há."

Priscilla ò sunkún. Inú ló ń bí i.

Nígbà tí ojú abẹ jinná, ó gun ọ̀kadà lọ sílé Hezekiah, tó ti fẹ̀yìn tì.

"Okun o, ọmọ mi," ni baba náà fi kí i.

Priscilla sọ ohun tí wọ́n bá níkùn rẹ̀ fún un. Baba mirí.

"Ọlọ́run ṣeun. Kí la fẹ́ mọ̀ nígbà náà? Èmi kì í ṣe dókítà."

"Ẹ kì í ṣe dókítà, sà, ẹ sì wò mí lójú, ẹ ní oyún ni!"

"Ó dáa, máà bínú. Jókòó."

"Àsẹ́ńbìlì lẹ ti tú mi síta. Ẹ ò lè wá bẹ̀ mí nínú pálọ̀."

Ó jáde. Ó ń jẹ iyán báyìí, kì í bì mọ́, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti ṣe ìdánwò girama. Ọlọ́runlékè ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ baba náà lọ. Kò tíì gbà.